Olódodo Lójú Ara Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ kan láti Òṣoògùn dé Ìlọrin àti Oníṣà

Ọ̀tá méjì ni ó ń dúró de ẹni tí ó bá fẹ́ tún ayé ṣe. Èkíní ni ibi tí ó fẹ́ bá jà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi ojú rí. Èkejì ń gbé inú òun fúnra rẹ̀: èrò tí ó ń sọ fún un pé, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ibi ni òun ń bá jà, kò sí ibi kankan nínú òun. Ọ̀tá èkíní a máa pariwo. Èkejì a máa rìn jẹ́jẹ́, a sì máa wọ aṣọ àdúrà. Gbogbo wa ni a mọ òwe tí Olúwa wa pa nípa Farisí àti agbowó òde tí wọ́n jùmọ̀ gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé Farisí náà kò purọ́. Ó ń gba ààwẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń san ìdámẹ́wàá lóòótọ́. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ó sọ ẹlòmíràn di àkàbà tí òun yóò gùn dé ọ̀run.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀tá kejì yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò yẹ kí a wá a lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn rẹ̀ wà nínú ìjọ tiwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀ràn kan tí Ìlọrin mọ̀ dáadáa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti sin Aláàfin mọ́, ó sì fi Ìlọrin ṣe odi ọ̀tẹ̀ rẹ̀. Ó pe Ṣéù Àlímì, ọmọ Fúlàní, sí ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn sì wá di ọmọ ogun lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, agbára àwọn tí a pè wá ṣe ìrànlọ́wọ́ ju ti ẹni tí ó pè wọ́n lọ. A pa Àfọ̀njá, Abdusalami ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Rúkèrúdò náà kò dúró ní Ìlọrin nìkan. Ó ràn káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́ bí iná ọyẹ́. Ní ọdún 1821 ó dé Òṣoògùn. Ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà níbẹ̀, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní 1837, ó sọ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni wọ́n já wọ ìlú náà. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìgbèkùn. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n tún tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà, ó sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Àjàyí yìí ni a wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther.

Kí ni ó mú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ṣọ́ etí òkun wa? Àwọn Kristiẹni kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Wilberforce jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, ti fi nǹkan bí ogún ọdún bá ìgbìmọ̀ aṣòfin jà, títí a fi ṣe òfin ní 1807 pé òwò ẹrú kò gbọdọ̀ sí mọ́ lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1833 a ṣe òfin mìíràn tí ó fi òpin sí oko ẹrú fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso. Lẹ́yìn náà ni Fowell Buxton kọ́ni pé kì í ṣe ọkọ̀ ogun nìkan ni yóò pa òwò ẹrú, bí kò ṣe Bíbélì àti oko dídá pẹ̀lú òwò tòótọ́. Nítorí ìmọ̀ràn yìí ni a fi rán ọkọ̀ mẹ́ta gòkè Odò Ọya ní 1841. Crowther wà nínú wọn. Àwọn òyìnbó 145 ni ó bá ìrìn-àjò náà lọ. Ibà mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí 40 sì kú. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo irú ìfẹ́ tí ó mú ènìyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí àjèjì tí kò rí rí.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kó ẹrú ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlòmíràn lọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó jáwọ́ ní 1807 wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ gbogbo ayé nípa ọ̀ràn ẹrú. Iṣẹ́ ìrònúpìwàdà ni iṣẹ́ náà jẹ́ lọ́kàn àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jogún rẹ̀, ó di ohun ìṣògo. Ibí ni ewu náà ti ń wọlé. Ìran tí ó jà mọ̀ pé ìdọ̀tí wà lọ́wọ́ òun pẹ̀lú. Ìran tí ó tẹ̀lé e bá orúkọ rere nílẹ̀, ó sì rò pé ìwà òun ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Crowther ní Ìlọrin. Ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, òun sì ni Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí a fi jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1871 ó gbéra ní Lọ́kọ́ja, ó gba ọ̀nà Bídá, ó sì fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ kọjá dé Èkó ní oṣù kejì ọdún 1872. Ní ojú ọ̀nà yìí ni ó wọ Ìlọrin, nígbà tí Aliyu wà lórí oyè. Ẹ rántí ẹni tí ó ń wọlé: ọmọ Òṣoògùn tí ogun tí ó ti inú ọ̀tẹ̀ Ìlọrin jáde ti fọ́n ilé rẹ̀ ká. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tọ́ láti dúró ní ààfin Ìlọrin kí ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ sí wọn lọ́rùn, òun ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó pẹ̀lú ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ìbọ̀wọ̀ fún ara wọn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn láti inú Ìwé Mímọ́ tí a ti túmọ̀ sí èdè Yorùbá, èdè tí òun àti wọn jọ gbọ́. Kò bú Ànábì wọn, kò sì fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí ó di arúgbó, ó kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí àti àwọn abọ̀rìṣà, a sì tẹ ìwé náà ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun tí ó fi yé wa níbẹ̀ ni pé iyàn jíjà kì í yí ọkàn padà; kí a gbé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kalẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ó ja ìjà ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ yìí jẹ́ àìbìkítà. Ẹni tí ó mọ irú èyí tí ẹ̀wọ̀n jẹ́ ní ọrùn kò lè sọ pé oko ẹrú kò burú. Ṣùgbọ́n Crowther mọ̀ pé gbogbo ilé ni ọ̀ràn náà ti kàn. Nínú àwọn tí ó kó o, ẹrú àtijọ́ wà níbẹ̀. Nínú àwọn tí ó tà á, ọmọ èdè rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò rí ìlú kan tí ó mọ́ tí òun lè dúró sí kí òun máa ju òkò sí ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn Abẹ́òkúta dé. Àlùfáà James Johnson, ọmọ Sàró tí àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́ nítorí ìwà àìlábàwọ́n rẹ̀, ni Ẹgbẹ́ C.M.S. fi ṣe alábòójútó àwọn ìjọ inú ilẹ̀, tí ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ó bá ohun ìtìjú kan níbẹ̀: àwọn Kristiẹni ń lo ẹrú ilé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pàápàá wà nínú wọn. Ní 1879 ó mú òfin Ẹgbẹ́ náà ṣẹ gírígírí pé òṣìṣẹ́ ìjọ kò gbọdọ̀ ní ẹrú. Ó tún fi kún owó tí àwọn ọmọ ìjọ ń dá, ó sì fi ọwọ́ líle mú àwọn ọ̀ràn mìíràn. Ìjọ dìde sí i. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀tá ara wọn tẹ́lẹ̀ wá ṣọ̀kan láti lé e lọ. Ní 1880 Ẹgbẹ́ náà mú un kúrò.

Báwo ni a ó ti dá ẹjọ́ yìí? Ní ti oko ẹrú, Johnson ni ó jàre. Àwọn tí ó wí pé àṣà ìlú ni, pé kí a rọra, pé ẹrú àwọn kò yàtọ̀ sí ọmọ, kò béèrè lọ́wọ́ ẹrú bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí lójú tirẹ̀. Sùúrù rọrùn fún ẹni tí àjàgà kò sí ní ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jàre lè sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ di pàṣán. Johnson kó ọ̀ràn ńlá àti ọ̀ràn kékeré pọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kọ̀ láti san owó àti ẹni tí ó kọ̀ láti dá ẹrú sílẹ̀ rí ara wọn ní ẹgbẹ́ kan. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ òsì ni àwọn ènìyàn rí.

Ọ̀ràn tí ó dun ìjọ wa jù lọ ṣẹlẹ̀ ní Oníṣà ní oṣù kẹjọ ọdún 1890. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Graham Wilmot Brooke kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. John Alfred Robinson jẹ́ alùfáà tí ó kàwé gidigidi. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa wọn. Wọn kì í ṣe alágàbàgebè. Wọ́n fi ìrọ̀rùn ilé sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Haúsá, wọ́n jẹ oúnjẹ ìlú, wọ́n sì sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo àwọn bí a bá ṣe inúnibíni sí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ń bú wọn kò lè ṣe ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìjọ tí Crowther ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbìn lẹ́bàá Odò Ọya, ìdọ̀tí nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣòwò, wọ́n ní wọn kò tíì di àtúnbí, wọ́n ní ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ti rọ̀ jù. Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ owó tí ó jẹ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ni alága, Eden akọ̀wé dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, títí kan Dandeson, ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ archdeacon. Bàbá arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún náà ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ẹnu ya òun láti gbọ́ pé akọ̀wé ní agbára láti dá alùfáà dúró. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ó kú ní Èkó. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀, ó sì ju àádọ́ta ọdún lọ kí ọmọ ilẹ̀ wa tó tún di bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní agbègbè tirẹ̀. Robinson ti kú ní Lọ́kọ́ja ní oṣù kẹfà ọdún 1891. Brooke kú níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1892. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́ kò dìde.

Ǹjẹ́ irọ́ ni gbogbo ẹ̀sùn náà? Ó ti wù wá láti dáhùn pé irọ́ ni, nítorí pé baba wa ni Crowther. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣáájú àkókò yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Oníṣà ti na ẹrúbìnrin kan títí ó fi kú, ilé-ẹjọ́ ní Sàró sì dá wọn lẹ́bi ní 1882. Ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin náà ń kígbe. Ibi wà, ó sì yẹ kí a tọ́ ọ sọ́nà. Nítorí náà ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá ó yẹ kí a bá ibi wí. Ìbéèrè náà ni bí a ti lè mọ ìbáwí tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá yàtọ̀ sí èyí tí ó ti inú ìgbéraga wá.

Mo rí àmì mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Èkíní: olódodo lójú ara rẹ̀ kì í gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn. Àgbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni; ní Oníṣà, ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kan ènìyàn ni ó tún jókòó láti dá a lẹ́jọ́. Èkejì: ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan a máa di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ òyìnbó kan bá ṣubú, a ó ní Lágbájá ni ó ṣubú. Bí òṣìṣẹ́ dúdú ṣubú, a ó ní wọn kò tíì tó iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta: kò sí ibi tí ìdájọ́ náà ti kan onídàájọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Kò sí ìwé ìpàdé kan ní Oníṣà tí a ti béèrè bóyá ìgbéraga ẹ̀yà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó dá òṣìṣẹ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ìdẹkùn kan wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tí ń kà á. Ó rọrùn láti ka ti Brooke àti Robinson tán, kí a sì dúpẹ́ pé àwa kò rí bí wọn. Ní wákàtí tí a bá dúpẹ́ bẹ́ẹ̀, a ti gba ipò Farisí nínú tẹ́ḿpìlì. Ìdẹkùn kejì ni kí a wí pé, níwọ̀n bí ìtara ti lè di ìgbéraga, ó sàn kí a dákẹ́. Ẹni tí ó dákẹ́ ní Abẹ́òkúta kò di onírẹ̀lẹ̀ nípa ìdákẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń jẹ iṣu tí ẹrú gbìn ni.

Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa ní Ìlọrin. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa, èyí tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀, nítorí àríyànjiyàn lórí híjáàbù. Nígbà tí a tún ṣí wọn ní oṣù kẹta, a ju òkò sí ara ẹni lójú ọ̀nà. Kristiẹni lè gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ilé tí àwọn baba òun kọ́ jẹ́ ti ìjọ, kí ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ láti sọ bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí lè gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin òun ni òun ń gbèjà. Ilé-ẹjọ́ wà láti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wọn tí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ẹnìkejì kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run? Ọmọ tí ó rí baba rẹ̀ tí ó di òkò mú ní orúkọ òdodo ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní ọjọ́ náà tí olùkọ́ kan kò lè fi ẹfun àti pátákó pa rẹ́. Ìlú kan náà ni èyí, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù kan ti jókòó ní 1872 tí ó sì dá àwọn tí ó yàtọ̀ sí i lóhùn láìbú wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ohun tí kò tọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá rí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ń fi ìyà jẹ, bí ẹ bá rí owó ìjọ tí a ń jí, bí ẹ bá rí ọmọbìnrin tí a mú kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ ó di mímọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà kò ní dé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí ẹ fẹ́ bá wí. Ẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ má sì fi kún un. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ tí yóò gbà padà wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀: ìtara Johnson láìsí sùúrù Crowther fọ́ ìjọ, sùúrù Crowther láìsí ìtara Johnson fi ẹrú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Kí Ọlọ́run tí ó mọ ọkàn gbogbo ènìyàn fún wa ní méjèèjì, kí ó sì jẹ́ kí àdúrà agbowó òde wà ní ẹnu wa kí a tó la ẹnu bá ẹnikẹ́ni wí.